Mò-ń-bọ̀, Alágbàfọ̀ Tí Àwọn Dókítà Ń Jù Síra Wọn

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni èmi àti obìnrin yìí fi dúró sídìí tábìlì kan náà, tí a jọ ń lọ aṣọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Ilé ìfọṣọ ọsibítù ni iṣẹ́ wa, ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí ooru ti ń jáde lára páìpù, tí ògiri sì máa ń làágùn bí èèyàn. Aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ á gba ojú fèrèsé kan wọlé, aṣọ mímọ́ á gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde, àwa sì wà láàárín méjèèjì. Ojoojúmọ́ ni àwọn dókítà ń wọ iṣẹ́ ọwọ́ wa sára, àmọ́ mi ò rò pé ẹnì kan nínú wọn mọ ilẹ̀kùn ibẹ̀.

Mò-ń-bọ̀ là ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, bí iná bá tilẹ̀ ń jó ilé, á gbé áyọ́ọ̀nù dúró, á fa báàgì kékeré kan tó ní síìpù jáde lábẹ́ tábìlì, á wò mí lójú, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, mò ń bọ̀." Ó ti lọ nìyẹn. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, àwọn kan ní àdúrà ló ń lọ gbà, àwọn kan ní ó ń lọ bá ọkùnrin sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọ̀gá wa, ọkùnrin tó ń wo aago bí ẹni pé òun ló bí aago, tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀ lọ́jọ́ kan, ó dúró síta, ó ka ìṣẹ́jú méjìlá, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ó tó oṣù mẹ́fà tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́ kó tó sọ òótọ́ fún mi. Ó ní nígbà tí wọ́n bí òun, àpò ìtọ̀ òun kò sí nínú ikùn. Ó ṣí síta lábẹ́ ìdodo, pupa, bí ẹnu tó yà. Egungun méjì tó yẹ kó so pọ̀ níwájú abẹ́ kò pàdé ara wọn. Àlàfo wà níbẹ̀ títí dòní. Kó tó pé ọmọ ọdún méjìlá, wọ́n ti là á ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Nínú èyí tó kẹ́yìn, dókítà àgbà kan gé díẹ̀ lára ìfun rẹ̀, ó fi rán àpò ìtọ̀ tuntun fún un, ó dí ọ̀nà ìsàlẹ̀ pa, ó sì la ọ̀nà tóóró kan gba ìdodo jáde. Ọ̀nà yẹn ló ń ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ kí ìtọ̀ lè dà. Nítorí pé ìfun ni wọ́n fi rán an, ìtọ̀ rẹ̀ máa ń yọ̀ bí ikun imú, ó sì ní láti fi omi iyọ̀ ṣan inú àpò náà kó má baà dí. Rọ́bà, omi iyọ̀, aṣọ ìnuwọ́ pélébé kan: ohun tó wà nínú báàgì nìyẹn.

"Ìdodo ni mo fi ń tọ̀, ẹ̀gbọ́n," ó ní, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin yòókù, ẹ máa ń wá ibi tẹ́ ẹ máa lóṣòó sí. Èmi, mo dúró gbọn-in bí ọkùnrin."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀gá bá bi mí pé ibo ló lọ, mo máa ń sọ fún un pé ó lọ síbi tí ọba ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ.

Ó lọ́kọ. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń fi pẹ́ńsùlù sẹ́yìn etí kódà lọ́jọ́ ìsinmi. Wọ́n ti sọ fún Mò-ń-bọ̀ láti kékeré pé bóyá ni yóò bímọ, àmọ́ ó lóyún, ó sì bí ọmọbìnrin kan. Abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde. Dókítà àgbà tó tún inú rẹ̀ ṣe nígbà èwe ti fẹ̀yìn tì nígbà yẹn, síbẹ̀ ó wá fúnra rẹ̀, ó dúró ti àwọn dókítà agbẹ̀bí, ó ń fi ìka hàn wọ́n pé, "Ẹ má fọwọ́ kan ibí yìí. Ẹ gba òkè." Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, dókítà àgbà náà kú. Kò sẹ́ni tó rò ó nígbà náà pé ó ti gbé àwòrán inú obìnrin yìí lọ sí sàréè.

Ọmọ náà ń lọ sí ọdún mẹ́rin nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fún aṣọ gbẹ bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń fọwọ́ fún bẹ́díṣíìtì, tí à ń ru agbọ̀n aṣọ tútù láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Ẹni tí kò bá gbé agbọ̀n bẹ́díṣíìtì tútù rí kò tíì mọ bí omi ṣe wúwo tó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dúró lójijì láàárín yàrá, ó gbé agbọ̀n kalẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Kí ló dé?" mo bi í.

"Ó dà bíi pé mo jókòó lé ẹyin, ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ẹ̀, mo dúró."

Ó fi í pa mọ́ fún oṣù mẹ́rin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nílé, ó fi dígí wo abẹ́ ara rẹ̀, ó rí ohun pupa kan tó tó ìkúùkù ọmọdé tó yọjú lójú ara rẹ̀. Ilé ọmọ rẹ̀ ló ti ń sọ̀ kalẹ̀. Bó bá dùbúlẹ̀, á padà wọlé. Bó bá fi máa di ọ̀sán tó ti ń dúró lọ aṣọ, ó ti tún jáde, ó ń họ ara mọ́ àwọ̀tẹ́lẹ̀, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ díẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń fa àpò ìtọ̀ náà dání. Rọ́bà tó ti ń wọlé geere láti ìgbà ọmọdé wá ń kọsẹ̀ lọ́nà. Ìtọ̀ kò dà tán mọ́. Èyí tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ ń bàjẹ́, ibà ń mú un, ó ń gbọ̀n nídìí áyọ́ọ̀nù tó gbóná bí iná.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, èmi ni mo tì í lọ sí kílíníìkì àwọn obìnrin. Mo rò pé ohun rere ni mo ṣe. Mi ò mọ̀ pé orí àga kílíníìkì ni yóò ti lo oṣù mẹ́rìnlá tó tẹ̀ lé e.

Dókítà àkọ́kọ́ tó rí, ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì pé, sọ fún un pé nǹkan kékeré ni. Wọn yóò fi òrùka rọ́bà kan sí i lábẹ́ tí yóò gbé ilé ọmọ ró. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń lò ó, wọ́n á sì gbàgbé pé ó wà lára wọn. Wọ́n fi í sí i. Ó rìn dé ibi àtẹ̀gùn, òrùka já bọ́. Wọ́n fi èyí tó tóbi jù ú lọ sí i. Ìyẹn já bọ́ níbi tí a ń sá aṣọ sí, níwájú ọkùnrin méjì tó ń kó aṣọ. Ó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa òjò títí wọ́n fi lọ. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta tóbi débi pé kò lè jókòó, síbẹ̀ kò lo ọjọ́ méjì.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi, kì í ṣe dókítà. Ó ní, "Òrùka yẹn, egungun iwájú ló máa ń fẹ̀yìn tì. Egungun tèmi kò pàdé. Báwo ni nǹkan ṣe fẹ́ fara ti ògiri tí kò sí níbẹ̀?"

Ó padà lọ. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n rí àpá márààrún tó wà níkùn rẹ̀, wọ́n rí ihò ìdodo, ọwọ́ wọn sì rọ. Wọ́n ní, "Mà, ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yín yìí ló ń bà wá lẹ́rù. A ò lè fọ̀bẹ kan inú yín láìmọ ibi tí wọ́n gbé nǹkan sí. Ẹ lọ bá àwọn dókítà ìtọ̀." Wọ́n kọ lẹ́tà fún un.

Ó gbé lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ìtọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó rí i. Wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀, wọ́n ní àpò ìtọ̀ náà dáa, iṣẹ́ àgbà ni, ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́. Ilé ọmọ ló ń fà á. Ilé ọmọ kì í sì í ṣe ti àwọn. "Ẹ padà sí kílíníìkì àwọn obìnrin." Wọ́n kọ lẹ́tà fún un.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di bọ́ọ̀lù nìyẹn. Kílíníìkì yìí gbá a, kílíníìkì tọ̀hún gbá a padà, kò sì sẹ́ni tó gbá a wọlé. Gbogbo ìgbà tó bá débẹ̀, ojú tuntun ni, ìbéèrè àtijọ́ ni. "Ẹ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, mà." Á sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fún un ní ife pé kó lọ tọ̀ sí i, á ṣàlàyé pé kò gba ìsàlẹ̀ jáde. Nọ́ọ̀sì kan kò gbà á gbọ́ rárá. Ó ní òun ti ń ki rọ́bà bọ̀ fún obìnrin láti ogún ọdún, kò sí obìnrin tí kò ní ojú ọ̀nà. Ó wá a títí, ó ń tanná wò ó, ó ń ké sí nọ́ọ̀sì mìíràn pé kó wá bá òun wá a. Mò-ń-bọ̀ dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo àjà. Ó sọ fún mi pé òun ka pátákó àjà náà, ó jẹ́ mẹ́rìnlélógójì.

Ó lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí, ó ní kí wọ́n bá òun wá fáìlì ìgbà ọmọdé òun, kí àwọn dókítà lè mọ ohun tí wọ́n ṣe níkùn òun. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò tilẹ̀ dìde. Ó ní fáìlì ọmọdé, bó bá ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, sísun ni wọ́n máa ń sun ún. "Mo ṣì wà láàyè," ó sọ fún ọkùnrin náà. "Mo rí i, mà," ọkùnrin náà dáhùn, "àmọ́ fáìlì ti lọ." Fáìlì ìbímọ rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́ta péré ni wọ́n kọ sínú rẹ̀, èyí tó kẹ́yìn sì ni pé ìyá àti ọmọ wà ní àlàáfíà.

Ó gba ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ. Ó jókòó tì í lórí àga gígùn, ó ní, "Màámi, ẹ rántí. Iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kí ni wọ́n sọ pé wọ́n ṣe?" Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra orúnkún. Ó rántí àwọ̀ ògiri. Ó rántí pé ọmọ òun ń béèrè omi, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ mu. Kò rántí nǹkan mìíràn. Mò-ń-bọ̀ tún bi í, ohùn rẹ̀ sì ti ń le. Ìyá rẹ̀ gbójú sókè, ó ní, "Ẹkún ni mò ń sun nígbà yẹn, ọmọ mi. Ta ló ń ka abẹ?" Ó wá sọ fún mi lọ́jọ́ kejì pé òun tí òun ń bínú sí gbogbo ayé, ìyá òun ni òun lọ fi ìbínú náà kàn.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ rẹ̀ bá a lọ. Dókítà obìnrin kan tó ti rẹ̀, tí èrò ṣì kún ìta dè é, gbọ́ ìtàn náà láti òkè dé ilẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Pẹ̀lú gbogbo èyí tí ẹ mọ̀ nípa ara yín, ta ló ní kẹ́ ẹ bímọ?"

Káfíńtà yọ pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí, ó fi í sápò, ó dìde dúró. "Èmi ni, mà," ó ní. "Èmi ni mo ní kó bí i. Ọmọ náà ti ń ka A, B, D. Ẹ jẹ́ ká sọ ti ìyá rẹ̀ tó wà níwájú yín yìí."

Dókítà náà tọrọ gáfárà. Àmọ́ lẹ́tà ló tún kọ.

Ní ilé ìfọṣọ wa, òwú la fi ń ya aṣọ sọ́tọ̀. Aṣọ tíátà tí wọ́n ti ń ṣe abẹ fún àwọn obìnrin ní òwú pupa lọ́rùn, ti àwọn dókítà ìtọ̀ ní òwú búlúù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni pupa máa ń wọlé, ọjọ́bọ̀ ni búlúù. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, méjèèjì jọ wà nínú agbọ̀n kan, mo sì rí i tó dúró, tó fa aṣọ pupa kan àti búlúù kan yọ, tó gbé wọn dání bí ẹni ń ta ọjà.

"Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n. Inú omi kan náà la ti fọ̀ wọ́n. Aṣọ wọn pàdé lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Àwọn tó ń wọ̀ ọ́ nìkan ni kò pàdé."

Mo ní, "Wọ́n ń pàdé o. Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù, lókè. Àwa la ń gbé aṣọ tábìlì oúnjẹ wọn lọ."

Mo sọ ọ́ lásán ni. Ó fi aṣọ méjèèjì sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí. "Lọ́jọ́rú tó ń bọ̀," ó ní, "èmi ni mo máa gbé e."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé a kì í bá ẹni tó ń jẹun sọ ọ̀rọ̀ abẹ́. Ó ní òun ò sọ pé kí n tẹ̀ lé òun. Ìyẹn ló mú kí n tẹ̀ lé e.

Yàrá ìpàdé náà tutù, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán. Àwọn ọ̀gá dókítà bíi mẹ́wàá ti jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, wọ́n gbé apá wọn sókè kí a lè tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀ láìwo ojú wa. A tẹ́ ẹ, a fọwọ́ nà án. Mo yí padà sí ẹnu ọ̀nà. Òun kò yí padà.

"Ẹ dákun, ẹ̀yin dókítà," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ẹ foríjì mí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní."

Ẹni tó jókòó sípò olórí, àgbà dókítà ìtọ̀, tó ti funfun lórí, wò ó lókè awò ojú. "Ìyá, kì í ṣe ibí la ti ń rí aláìsàn."

"Mo mọ̀, sà. Ibi tí ẹ ti ń rí aláìsàn, mo ti débẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún." Ó gbá aṣọ ara rẹ̀ mú lágbègbè ìdodo. "Wọ́n bí mi tí àpò ìtọ̀ mi wà níta. Ẹ̀yin dókítà ìtọ̀ lẹ tún un ṣe. Mo bímọ, ilé ọmọ mi wá ń já bọ́. Àwọn dókítà obìnrin ní mo jẹ́ ti ìtọ̀. Àwọn dókítà ìtọ̀ ní mo jẹ́ ti obìnrin. Gbogbo yín lẹ wà níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni mí?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì tètè wúkọ́ bò ó. Àgbà dókítà ní kó lọ gba ọjọ́ ní kílíníìkì. Mò-ń-bọ̀ ní, "Kílíníìkì ta ni, sà?" Inú bí bàbá náà. Ó ní ta ló ń darí àwọn alágbàfọ̀ gan-an? Àmọ́ lápá ibi fèrèsé, obìnrin kan tó jẹ́ olórí àwọn dókítà tó ń tọ́jú obìnrin gbé kálámù kalẹ̀.

"Mo ti ka lẹ́tà kan nípa rẹ rí," ó ní. "Mo rò pé wọ́n ti tọ́jú rẹ."

"Lẹ́tà pọ̀, mà. Ìtọ́jú ni kò sí."

A kúrò níbẹ̀. Kí á tó dé ìsàlẹ̀, ọ̀gá wa ti gbọ́. Ó fún un níwèé ìkìlọ̀, pé ó fi iṣẹ́ ìjọba ṣe ìdààmú fún ìpàdé àwọn àgbà, pé bí irú rẹ̀ bá tún wáyé, kó mọ̀ pé ilé ló ń lọ. Mò-ń-bọ̀ ka ìwé náà lójú mi, ó ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin, ó fi áyọ́ọ̀nù tẹ ojú ìṣẹ́ rẹ̀ kó dán dáadáa, ó sì fi í sínú báàgì.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, olórí àwọn dókítà obìnrin yẹn wọ ilé ìfọṣọ. Ó kọ́kọ́ ṣìnà gba ojú fèrèsé aṣọ ẹlẹ́jẹ̀. Nígbà tó rí wa, òógùn ti bò ó. Ó jókòó sórí agbọ̀n tí a dojú rẹ̀ dé, ó ní kí Mò-ń-bọ̀ sọ fún òun. Inú Mò-ń-bọ̀ kò dùn rárá. "Láti ìbẹ̀rẹ̀, mà?" ó bi í, ó sì fẹ́ sunkún. Dókítà ní, "Rárá. Ohun tí ìwọ fẹ́ ni kí o sọ fún mi."

Mò-ń-bọ̀ ní òun fẹ́ dúró ṣiṣẹ́ láì ní nǹkan láàárín ẹsẹ̀. Òun fẹ́ kí rọ́bà máa wọlé. Òun kò fẹ́ kí wọ́n yọ ilé ọmọ òun kí ó tó di pé wọ́n rò ó dáadáa. Òun ò sì fẹ́ lẹ́tà mọ́.

Dókítà náà fa bàbá dókítà ìtọ̀ yẹn wá sí kílíníìkì rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ojú bàbá náà kò túká, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Òun ló sọ pé òun kò ní gbà kí wọ́n fi àwọ̀n oníke tí wọ́n sábà ń lò fa ilé ọmọ sókè, nítorí pé bí àwọ̀n náà bá gun àpò tí wọ́n fi ìfun rán, wàhálà ńlá ni. Dókítà obìnrin náà ní yíyọ ilé ọmọ pẹ̀lú kò dáa, torí àlàfo tó wà láàárín egungun rẹ̀, ohun tó bá kù yóò tún máa sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé wọ́n á bó awọ líle tó bo iṣan itan rẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi í so ilé ọmọ mọ́ egungun ìdí lẹ́yìn. Bàbá ni yóò kọ́kọ́ ṣí inú, yóò fi hàn ibi tí àpò wà, yóò ṣọ́ iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí i. Wọ́n jọ yàwòrán náà sórí ìwé kan níwájú Mò-ń-bọ̀. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun rí inú ara òun.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dá, wọ́n rí kòkòrò nínú ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n dá a padà. Ọjọ́ kejì, ó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, kò jẹ kò mu láti òru, wọ́n ti wé e lórí. Nọ́ọ̀sì jáde wá, ó ní àwọn dókítà ń bẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ kò lè ṣeé ṣe lónìí, kò sí aṣọ tíátà tó mọ́ tó. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ló bàjẹ́.

Mò-ń-bọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọn ò mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rín mọ́. Nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà, ó dojú kọ ògiri. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "aṣọ. Aṣọ ni wọ́n ní kò sí." Èmi gan-an ni mo ti sọ fún ọ̀gá láti ọjọ́ Ajé pé ẹ̀rọ náà ń pariwo, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n dá, àwa obìnrin mẹ́rin fọwọ́ fọ aṣọ tíátà náà lọ́jọ́ tó ṣáájú, a lọ̀ ọ́, a kó o sínú ìkòkò ooru tó ń pa kòkòrò. Òwú pupa àti búlúù wà nínú ẹrù kan ṣoṣo. Èmi ni mo gbé e lọ.

Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n lò. Káfíńtà rìn lọ rìn bọ̀ ní kọ́rídọ̀ títí nọ́ọ̀sì fi ní kó jókòó, ó jókòó, ó tún dìde. Nígbà tí wọ́n jáde, dókítà obìnrin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní ó lọ dáadáa. Bàbá sọ pé àpá àtijọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ bí okùn ìtàkùn, àwọn rọra tú u ni. Ó ní ẹni tó ṣe iṣẹ́ àtijọ́ náà, òun ni ọ̀gá òun nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ti kọjá báyìí. Ilé ọmọ náà kò jáde mọ́. Rọ́bà ń wọlé. Ibà ti dẹ̀yìn. Àmọ́ n kò ní purọ́ fún yín: láti bí oṣù mélòó kan, ògiri iwájú ojú ara rẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó ń rí i bó bá ti rẹ̀ ẹ́. Dókítà ní àwọn ti sọ fún un pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, kó máa wá ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, kó má gbé ẹrù mọ́ láé. Ìwé "má gbé ẹrù" tí dókítà kọ fún un, oṣù mẹ́ta ló fi bá ọ̀gá wa jà lé e lórí. Ọ̀gá ní ilé ìfọṣọ kò ní iṣẹ́ ìjókòó. Káfíńtà kan àga gíga kan fún un, ó gbé e wá fúnra rẹ̀, ó gbé e sídìí tábìlì ìránṣọ níbi tí a ti ń lẹ aṣọ tó ya, ó ní, "Iṣẹ́ ìjókòó rèé, sà." Ọ̀gá wo àga, ó wo ọkùnrin náà àti òòlù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, mo lọ kí wọn nílé. Ó jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo. Mo bi í bóyá ó ti dárí jì wọ́n.

"Àwọn wo, ẹ̀gbọ́n?"

"Gbogbo wọn."

Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀. "Ibi tó ti ń dùn mí gan-an nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ṣẹ̀ mí, ǹ bá ti bá a jà tán. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí tán. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe díẹ̀ díẹ̀. Èyí kọ lẹ́tà, ó lọ jẹun. Ìyẹn kọ lẹ́tà, ó lọ jẹun. Oṣù mẹ́rìnlá mi wà láàárín oúnjẹ wọn." Ó ju òkúta kan sẹ́yìn ògiri. "Mo ṣì ń bínú. Bí mo bá jí, inú á kọ́kọ́ bí mi kí n tó wẹ̀."

Mi ò bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Mo fa àga mọ́ ọn, mo bu ẹ̀wà díẹ̀ sọ́wọ́ mi, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á.